Babalú: Orin Àìsùn Tí Ó Gbé Orúkọ Ọbalúayé Yí Ayé Ká

Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí Miguelito Valdés kọ orin "Babalú" sínú àwo pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin Casino de la Playa ti Havana, olú ìlú Cuba. Ọdún 1939 ni. Bí ó ṣe ń pe orúkọ náà ló máa ń dá mi dúró. Kì í sáré pè é. Ó máa ń fà á gùn, á gbé ohùn sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlagbà tí kò sì mọ̀ bóyá baba ti jí.

Orúkọ tí ó ń pè kì í ṣe orúkọ àjèjì. Ọbalúayé ni, òrìṣà tí ó ni àrùn ìgbóná (smallpox). Lẹ́nu àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti àrọ́mọdọ́mọ wọn, ó di Babalú Ayé. Ó ní orúkọ mìíràn tí gbogbo yín mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní yára kọ ọ́ síbí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n tọ́ dàgbà bíi tèmi, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé a kì í pe Olóde lórúkọ, pàápàá lọ́sàn-án gangan.

Ìyá ìyá mi kì í pè é rárá. "Baba" ni, tàbí "Olóde". Tí ọ̀rọ̀ bá wá le tán, á ní "ilẹ̀ gbóná." Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí oòrùn kan àtàrí, a ò gbọdọ̀ súfèé, a ò gbọdọ̀ wọ aṣọ pupa rìn kiri ìgboro. Nígbà kan mo bi í léèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ó kú ní kékeré. Ó ní ìgbóná ló mú un lọ, àti pé wọn ò jẹ́ kí ìyá àwọn sunkún. Wọ́n ní kí ó dúpẹ́. Ìyá náà sì kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà: ẹni tí Ọbalúayé bá mú lọ, ọpẹ́ là ń dú, kí ó má baà padà wá mú èyí tí ó kù. Alápadúpẹ́ ni wọ́n ń kì í.

Ẹ wá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1951 sí 1957. Àwọn ìdílé jẹun alẹ́ tán, wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin arẹwà kan gbé ìlù conga kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, ó sì ń ké orúkọ yẹn kan náà tí ìyá ìyá mi ò jẹ́ fi ẹnu kàn. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Inú wọn ń dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo ti ń wá bí orin náà ṣe rìn dé ibẹ̀.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Margarita Lecuona ló kọ ọ́. Ọmọ Havana ni, wọ́n bí i lọ́dún 1910, ìbátan Ernesto Lecuona ni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ga jùlọ láàárín àwọn tí ń kọ orin dùùrù ní Cuba láyé ìgbà náà. Aláwọ̀ funfun ni Margarita. Òun náà ló kọ "Tabú", orin mìíràn tí ó dé ibi púpọ̀. Àsìkò tí ó dàgbà sí ṣe pàtàkì. Láti àwọn ọdún 1920 bọ́ sí 1930, àwọn akéwì, ayàwòrán àti akọrin Cuba bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú wọn. Nicolás Guillén ń kọ ewì tí ìlù wà nínú rẹ̀. Fernando Ortiz, amòfin tí ó sọ ara rẹ̀ di onímọ̀ àṣà, ń kó ìtàn òrìṣà àti bàtá jọ. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá a máa já wọ ilé àwọn abọ̀rìṣà, wọ́n á kó ìlù wọn lọ bí ẹni kó ohun ìjà lọ́wọ́ olè. Nígbà tí ó wá di pé àwọn ènìyàn ńlá ń gbádùn àṣà náà, kì í ṣe àwọn tí wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ pè wá sí sítúdíò.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Nínú orin náà, Margarita fi irú Sípáníìṣì tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti Áfíríkà máa ń sọ sẹ́nu akọrin, èdè tó kán sẹ́nu, tí àwọn òṣèré orí ìtàgé Havana máa ń fi pa àwọn èrò lẹ́rìn-ín. Kò sí bí mo ṣe lè gbọ́ ọ tí mi ò ní rántí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi èdè náà sọ ni ó mú mi dúró ti orin yìí.

Akọrin náà kéde pé àìsùn Babalú ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àbẹ́là 17, kí òun fi ya àgbélébùú fún un. Kí wọ́n fún òun ní àmukù sìgá kan, kí wọ́n bu ọtí ìrèké sínú kọ́ọ̀pù kékeré fún òun. Kí wọ́n fún òun ní owó díẹ̀, kí òrìṣà lè bá òun ṣe é ní rere. Ẹbọ nìyẹn. Ó kó ohun gbogbo sílẹ̀ tán kí ó tó la ẹnu bẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí ó máa bẹ̀bẹ̀, ohun mẹ́ta ló tọrọ: kí obìnrin òun fẹ́ràn òun, kí ó ní owó lọ́wọ́, kí ó má sì kú.

Ire aya, ire ajé, ire àìkú.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó níwájú ọpọ́n Ifá rí mọ̀ pé bí a ṣe ń to ire nìyẹn. Àìkú baálẹ̀ ọrọ̀ wà níbẹ̀. Ẹbọ ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ tẹ̀lé e. Mo gbà pé ẹni tí ó kọ orin yìí ti dúró níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, tàbí kí ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, torí a kì í ṣèèṣì to ọ̀rọ̀ báyìí. Iye àbẹ́là náà kì í ṣe àdédé. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ni ọjọ́ Babalú Ayé ní Cuba, òǹkà 17 sì ni òǹkà rẹ̀ níbẹ̀ dòní. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ì bá kọ mẹ́wàá, tàbí ogún.

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo ń tọ lẹ́yìn nínú gbogbo àwo tí mo máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ohùn ń yí padà, ẹgbẹ́ olórin ń tóbi sí i, aṣọ ìtàgé ń dán sí i. Ẹ̀bẹ̀ náà ò yí.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí Valdés, torí lójú tèmi, òun ló ni orin yìí. Wọ́n bí i ní Havana lọ́dún 1912. Ó ti fìgbà kan kan ẹ̀ṣẹ́ kí ó tó di akọrin, àwọn ọmọ àdúgbò tí ó bá dàgbà sì jẹ́ àwọn tí ìlù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Chano Pozo, onílù tí ó wá bá Dizzy Gillespie, olórin jáàsì, ṣeré ní New York ní ìparí àwọn ọdún 1940. Awọ Valdés mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó lè kọrin pẹ̀lú Casino de la Playa, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1937, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun, tí wọ́n sì ń ṣeré níbi tí Chano Pozo ò lè gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé láti jókòó. Lọ́dún 1937 yẹn kan náà, Valdés ti bá wọn kọ "Bruca Maniguá", orin Arsenio Rodríguez, afọ́jú olórin tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Kóńgò. Nípa báyìí, nígbà tí "Babalú" dé ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ẹnu rẹ̀ ti mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó lọ sí New York lọ́dún 1940. Xavier Cugat gbà á síṣẹ́. Ọmọ Sípéènì tí ó dàgbà ní Cuba ni Cugat, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ sì ni ó ń ṣeré fún àwọn olówó ní hòtẹ́ẹ̀lì Waldorf-Astoria. Wọ́n tún orin náà kọ sínú àwo lọ́dún 1941, àwo yẹn ló sì gbé e wọ etí Amẹ́ríkà. Ohun èlò pọ̀ sí i, ó gbayì, ó yẹ ibi tí wọ́n ti ń jó pẹ̀lú bàtà dídán. Ohùn Valdés ò gbà láti dán ní tirẹ̀. Ó ṣì ń ké bí ẹni tí ó nílò ohun tí ó ń tọrọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Mr. Babalú, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi kú.

Báyìí ni a dé ọ̀dọ̀ Desi Arnaz.

Òun ni ọkùnrin arẹwà tí mo sọ níṣàájú, tí ó gbé conga kọ́ èjìká. Ìlú Santiago, ní ìlà oòrùn Cuba, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1917, ìdílé olówó sì ni. Bàbá rẹ̀ ni olórí ìlú Santiago. Lọ́dún 1925, bàbá yìí fọwọ́ sí òfin tí ó de ìlù conga ní ìgboro, ó ní ìwà tí kò yẹ ọmọlúàbí ni àwọn tí ń jó tẹ̀lé e ń hù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, rògbòdìyàn tí ó lé ààrẹ Machado kúrò lórí oyè gbá ìdílé náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n pàdánù ilé àti ilẹ̀, bàbá wọ ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì sá lọ sí Miami. Ní Miami, ọmọ ń bá wọn fọ àgò ẹyẹ kí ó tó rí oúnjẹ jẹ. Kí ni ó wá gbà á sílẹ̀? Ìlù tí bàbá rẹ̀ fòfin dè. Ó gbé conga kọ́rùn, ó ń lù ú, àwọn òyìnbó Miami tò tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọ́n ń jó. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé New York, ó dé Broadway, ó dé Hollywood, ó fẹ́ òṣèré Lucille Ball.

Mo máa ń ronú nípa bàbá yẹn ju ọmọ lọ. Ó pẹ́ láyé tó láti rí i pé owó ìlù tí òun lé kúrò ní títì Santiago ni ọmọ òun fi ń jẹun.

"Babalú" ni orin tí Arnaz fi ń pa àwọn èrò rẹ̀ kú pátápátá. Ó ti ń kọ ọ́ káàkiri ilé ìgbafẹ́, ó kọ ọ́ sínú àwo fún RCA Victor ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n I Love Lucy ní oṣù Kẹwàá ọdún 1951, orin náà bá a wọlé. Nínú eré náà, ó jẹ́ Ricky Ricardo, olórí ẹgbẹ́ olórin ní ilé ìgbafẹ́ kan ní New York. Nígbà tó yá, Ricky ra ilé ìgbafẹ́ yẹn, ó sì sọ ọ́ ní Club Babalu. Apá 180 ni eré náà ní. Lálẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953 tí Lucy, ìyàwó Ricky, bímọ nínú eré, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 44 ló wò ó. Ẹ wo iye ẹ̀dá tí eré yìí mú mọ orúkọ Ọbalúayé, tí wọn ò sì mọ̀ pé orúkọ ẹnì kan ni. Wọ́n rò pé ariwo dídùn lásán ni, bí àwọn ìró tí olórin máa ń fi dí àyè nínú orin.

Ìtàn kan wà nílẹ̀ wa tí kì í jẹ́ kí n wo fídíò Arnaz pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́. Wọ́n ní àwọn òrìṣà pé jọ níbi àsè, wọ́n mu ẹmu, wọ́n ń jó. Ọbalúayé ti dàgbà, ó ń tiro, ọ̀pá ló fi ń rìn. Nígbà tí ó dìde láti bá wọn jó, ó kọsẹ̀, ó ṣubú. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ibínú ẹ̀rín yẹn ló mú kí ó fẹ́ da àrùn lé wọn lórí, tí Ọbàtálá fi lé e wọ inú igbó. Ẹ̀rín níbi ijó ló bí gbogbo ohun tí ìyá ìyá mi ń bẹ̀rù. Mo sì ń wo ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ nínú eré apanilẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín ń hó ní gbogbo ìgbà.

Mo ti wò ó dáadáa, ó sì yẹ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún Arnaz. Wọn kì í fi orin náà rẹ́rìn-ín. Lucy ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú gbogbo wàhálà tí ó máa ń dá sílẹ̀. Tí Ricky bá ti gbé ìlù, ẹ̀rín á dáwọ́ dúró, a ó rí ọkùnrin kan tí ó di ojú, tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀, tí irun rẹ̀ já lu ojú, tí ó ń fi gbogbo agbára ké. Kò sọ ẹ̀bẹ̀ náà di yẹ̀yẹ́. Àbẹ́là 17 wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, "kí ó má kú" wà níbẹ̀, lédè Sípáníìṣì tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wò ó ò gbọ́. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ yá jù fún mi, ó sì ń sáré dé ibi tí ìlù ti gbóná, nígbà tí Valdés máa ń jẹ́ ká dúró de òrìṣà náà. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn Arnaz, orin náà di ti gbogbo ayé, mi ò sì ní lè dúró lórí gbogbo wọn. Yma Sumac, obìnrin Peru tí ohùn rẹ̀ ga débi tí ènìyàn ń rò pé ẹyẹ ni, kọ ọ́ fún ilé iṣẹ́ Capitol. Fún mi, ohùn ló gbọ́ níbẹ̀, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ti Ângela Maria ní Brazil ló yà mí lẹ́nu jù. Ọmọ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ orin, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà kí àwọn ará ilé má baà mọ̀ pé òun ló ń kọrin ayé lórí rédíò. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó kọ "Babalu", Brazil sì gbà á mọ́ra débi pé títí ó fi kú lọ́dún 2018 ni wọ́n ń ní kí ó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ Brazil kì í ṣe ibi tí orúkọ yẹn ti ṣàjèjì. Omolu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, tàbí Obaluaiê. Wọ́n ń fi koríko bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ kí ojú má baà kan ara rẹ̀, gúgúrú sì ni wọ́n ń bọ ọ́. Àwọn kan tí wọ́n ń gbọ́ Ângela Maria lórí rédíò ní Bahia ti da gúgúrú sílẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Àwo kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ tí kì í ṣe orin Margarita rárá. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí Celia Cruz ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí àwọn ará ìta Cuba ò tíì mọ̀, ilé iṣẹ́ Panart ní Havana pè é pẹ̀lú àwọn onígbè àti àwọn onílù bàtá. Wọ́n kọ orin Ṣàngó sí ojú kan, wọ́n kọ orin Babalú Ayé sí èkejì. Kò sí fèrè níbẹ̀, kò sí fayolín. Orin òrìṣà gan-an ni, ní èdè Lùkùmí, obìnrin ń lé, àwọn yòókù ń gbè, bàtá ń fọhùn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ń gbá a mú ní ẹyọ ẹyọ: ọ̀rọ̀ kan á yọ ojú tí mo mọ̀ dájú, méjì á ṣú mọ́ mi lójú, òmíràn á tún yọ. Àwọn tí ọlọ́pàá gba ìlù wọn ni wọ́n wà nínú àwo yẹn. Owó kékeré ni àwo náà pa ní ẹ̀gbẹ́ ohun tí Arnaz àti Cugat pa, mo sì rò pé kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tí ó máa ń padà wá bá mi ni pé, kí ló dé tí wọ́n fi lè pariwo orúkọ náà ní Cuba, tí wọ́n ń fi kọrin ìfẹ́, nígbà tí a ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nílé?

Apá kan ìdáhùn náà wà ní El Rincón, ìlú kékeré kan lẹ́yìn odi Havana. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lùkùmí ti so Babalú Ayé mọ́ Lásárù, kì í ṣe Lásárù tí Jésù jí dìde, bí kò ṣe alágbe inú òwe, tí egbò bò lára, tí ajá ń lá egbò rẹ̀, tí ó ń fi ọ̀pá méjì rìn. Ní ọdọọdún, tí ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá bá ku ọ̀la, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á máa wọ́ lọ síbẹ̀ lóru. Àwọn kan á fi àyà fà lórí ọ̀dà, òkúta á wà lẹ́sẹ̀ wọn lẹ́yìn, aṣọ ìdọ̀họ lọ́rùn. Wọ́n ń san ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ nígbà àìsàn. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àánú pọ̀ jù ú lọ. Òrìṣà tí ara tirẹ̀ náà ń dùn ni. Ẹni tí egbò wà lára rẹ̀ ń bẹ ẹni tí egbò wà lára rẹ̀.

Apá kejì ni àrùn náà fúnra rẹ̀. Ìgbóná ti kúrò nílẹ̀ Cuba kí Valdés tó wọ sítúdíò. Nílẹ̀ wa, ní ọdún 1939, ó ṣì ń pa ọmọ. Ìjọba amúnisìn ti fòfin de ìsìn òrìṣà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yẹn, lẹ́yìn tí Dókítà Oguntola Sapara ti Èkó yọ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn aláàwò rẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń fi èérún ara aláìsàn ran àrùn náà. Òfin dé, àrùn ò lọ. Ọdún 1970 ni ẹni ìkẹyìn ní Nàìjíríà ní in, ọdún 1980 sì ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti parẹ́ láyé. Nígbà tí Arnaz ń lu conga nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ìyá kan ṣì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ nílé wa. Èyí ni ó fà á tí àwa fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọjá lọ, tí àwọn ará Cuba fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá. Òrìṣà kan náà ni. Ibi tí olúkúlùkù dúró sí nígbà tí ó ń bọ̀ ló yàtọ̀.

Nítorí náà mi ò lè bá àwọn tí ń sọ pé orin yìí tàbùkù sí òrìṣà wa lohùn pọ̀. Mo mọ ẹni tí ó jèrè àti ẹni tí kò jèrè, mo sì ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orin tí ó kó àìsùn, ẹbọ àti ire mẹ́ta pọ̀, tí ó gbé wọn la Waldorf-Astoria kọjá, tí ó gbé wọn la Hollywood kọjá, tí ọmọ pásítọ̀ gbé wọn ní Brazil, tí kò sì já àìkú sílẹ̀ lọ́nà, mi ò mọ ohun tí a tún fẹ́ kí orin ṣe.

Valdés kò fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978, ó ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì Tequendama ní Bogotá, ní Colombia, nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró lórí ìtàgé. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, ní Somalia, ni ẹni ìkẹyìn ti ní ìgbóná tí kì í ṣe láti inú ilé àyẹ̀wò.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí akọrin kan nílé, ẹni tí ó mọ ìwúre tí ó sì ní ohùn, gbé orin yìí lédè wa. Kí ó má sáré bí Arnaz. Kí ó fi ẹmu sí ipò ọtí ìrèké tí ó bá wù ú, kí ó fi gúgúrú kún un. Kí ó fi àbẹ́là 17 sílẹ̀ bí ó ṣe wà, torí iyì àwọn tí wọ́n kó lọ tí wọn ò gbàgbé ni ìyẹn. Kí bàtá máa bá a fọhùn lẹ́yìn. Kí ó sì wá olùgbè tí ó pọ̀, àgbàlagbà obìnrin ni kó jẹ́ tí ó bá ṣeé ṣe, àwọn tí ìyá wọn ti fìgbà kan kúnlẹ̀ dúpẹ́, kí wọ́n máa dá a lóhùn nígbà tí ó bá dé ibi ire àìkú.